Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò

Olórí ẹ̀ka, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ìbéèrè yín: akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ẹ̀rí wá pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń yí èsì ìwádìí, ṣé ọ̀gá àgbà yunifásítì lẹ máa kọ́kọ́ rí ni àbí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ̀wé kẹ́ ẹ tó rí ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì tọ́jú àwọn fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìyẹn ò le.

Ẹ̀yìn tí lẹ́tà bá ti wọlé ló le. Nígbà tí mo wà nípò yẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n tọ́rọ̀ kàn ló ń mú owó ìwádìí wọlé jù. Kò sẹ́ni tó ní kí n bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ o. Wọn ò kàn dá mi lóhùn ni. Mo béèrè, wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò ní n ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á wá sí ọ́fíìsì mi, á jókòó, á máa wo ojú mi. Orúkọ rẹ̀ ti dé etí ẹni tó fẹ̀sùn kàn. Kò rí ẹni tó máa ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò sì rí ẹni tó máa kọ lẹ́tà fún un níbi tó ti ń wá iṣẹ́. Àwọn tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwà ọmọlúàbí wà nípàdé, wọn ò la ẹnu. Nígbà tí èsì máa fi jáde tó sì dá akẹ́kọ̀ọ́ náà láre, ó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

Nítorí náà, kí lẹ́tà yín tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wá alábòójútó mìíràn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ẹ̀rí wá bá yín, láti ẹ̀ka mìíràn tó bá ṣeé ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti bá ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ ìwé pọ̀ rí, ẹ yọ ara yín kúrò nínú ẹjọ́ náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá kankan sọ fún yín pé dídákẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Marc Tessier-Lavigne, tó jẹ́ ààrẹ yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde ní oṣù Keje 2023 pé òun máa fipò sílẹ̀. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kò sọ pé òun ló yí èsì. Wọ́n ní kò ṣe tó láti tún àṣìṣe inú àwọn ìwé ìwádìí rẹ̀ kan ṣe.

Tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn pé kò ní sọ ọ̀rọ̀ náà síta ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kó má fọwọ́ sí i láìní agbẹjọ́rò tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni agbẹjọ́rò ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́ fún.