Èsì: Ẹ̀kọ́ orí tábúlẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣí bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ ní orí Moodle (ètò tí olùkọ́ fi ń gbé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò sórí íntánẹ́ẹ̀tì) lẹ kó ẹ̀kọ́ yín sí, pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, àwọn ọmọ ò rí nǹkan kan ṣí mọ́. Ó jọ pé inú búráúsà ni wọ́n ti ń wọlé. Ẹ ní kí wọ́n lo áàpù Moodle fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì dáńlóòdù iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà.

Ìdánwò gan-an ni wàhálà. Àfi kẹ́ ẹ wọ inú ètò ìdánwò náà, kẹ́ ẹ yọ̀ǹda kí wọ́n máa ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá sì ti fi àkókò dé e, tàbí tẹ́ ẹ ní kí ó máa sọ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbà á, kò ní ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdáhùn wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ yín títí tábúlẹ́ẹ̀tì á fi padà rí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà ẹ má tètè fún ẹnikẹ́ni ní òdo. (Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ojú tì mí.)

Fídíò ńkọ́? Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó lè rọrùn láti dáńlóòdù; 480p (bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó) ti tó.

Ní ti géèmù tí wọ́n ń gbá ní kíláàsì, Guided Access wà lórí iPad, tó máa ń ti tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ áàpù kan ṣoṣo; ti Android, ẹ wá app pinning, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, nínú Settings.

Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì ilé ìwé ni àbí tiwọn?