Ìgbéyàwó Tú: Ta Ló Ni Ilé Mọ́níyà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági níbí ní Ìbàdàn. Ọdún 2006 ni èmi àti ọkọ mi ṣe ìdána, kò sì pẹ́ tí a fi lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2011 a ra ilẹ̀ sí Mọ́níyà. Àjọ méjì tí mo kó ló wọ ilẹ̀ náà, èmi ni mo sì san owó páànù nígbà tí ilé dé òrùlé, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ mi nìkan ló wà lórí ìwé. Láti 2022 ni mo ti kó àwọn ọmọ wa mẹ́ta lọ sílé bàbá mi ní Òkè-Àdó, ọkọ mi kò sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní obìnrin kì í jogún ọkọ, nítorí náà n kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí ilé náà. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òkè-Àdó

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Òótọ́ ni pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ tó kú, ilé-ẹjọ́ sì ti fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní 1957, níbi tí adájọ́ ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣì ń dun ọ̀pọ̀ obìnrin títí dòní, pé aya fúnra rẹ̀ dà bí ohun ìní tí wọ́n ń jogún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogún òkú nìyẹn. Ọkọ tiyín wà láàyè, owó yín tó wà nínú ilé lẹ sì ń béèrè, kì í ṣe ogún.

Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́dún náà lọ́hùn-ún ló gbé ọ̀rọ̀ yín kúrò lábẹ́ àṣà nìkan. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó, ni ì bá tú yín ká, àwọn ọmọ sì lè rí owó oúnjẹ gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà wa kò mọ owó ìtọ́jú fún aya tó ti kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọkọ. Ìgbéyàwó alárédè ni tiyín. Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti 1970 ló ń darí rẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ló sì lè tú u ká. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan wà ní Ìbàdàn yìí tí wọ́n fọwọ́ síwèé, tí wọ́n wá lọ kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, tí wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú òfin, tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́. Bó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbáko tí ẹ kò ti gbé pọ̀, ìyẹn nìkan tó ìdí láti béèrè fún ìtúká.

Lórí owó ìtọ́jú, abala 70 òfin náà fún adájọ́ láyè láti wo ohun tí olúkúlùkù ní, agbára rẹ̀ láti rówó, àti ìwà tí ó hù nínú ìgbéyàwó, kí ó tó sọ iye tí wọn yóò san, bóyá lóṣooṣù tàbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kò ní láti dúró dìgbà tí ẹjọ́ bá parí, nítorí ẹ lè béèrè fún un nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ti àwọn ọmọ kì í sábà kọjá ọjọ́ tí wọ́n bá pé ọdún 21, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ilé ló le jù. Kò sí òfin ní Nàìjíríà tó ní kí a pín dúkìá tọkọtaya sí méjì ọgbọọgba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ láti inú fíìmù òyìnbó. Abala 72 fún adájọ́ lágbára láti ya dúkìá sọ́tọ̀ fún ọkọ, aya tàbí àwọn ọmọ, bí ó bá ti rí i pé ó tọ́ tó sì yẹ. Nínú ẹjọ́ Kaffi àti Kaffi ní 1986, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ka ìtọ́jú tí aya ṣe fún ọkọ àti ilé sí ìkópa. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fara ti ìyẹn nìkan o, nítorí pé ní 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, obìnrin kan sọ pé òun kópa nínú ilé tí ọkọ òun tà, ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbà fún un, torí pé kò lè ṣàlàyé ohun tó dá sí ilé náà àti bí ó ti pọ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé àjọ yín rí, kí olórí àjọ sì múra láti jẹ́rìí. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta páànù fún yín, ẹ gba àkọsílẹ̀ báńkì yín ti ọdún wọ̀nyẹn, ẹ sì wá ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n san owó ilẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn: ìyàwó wo ni yóò ní kí ọkọ òun fọwọ́ sí rísíìtì nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná? Ohun tó ń kó àwọn obìnrin ọlọ́jà sí wàhálà gan-an nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ fìn-ín pé ó fẹ́ ta ilé náà, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tètè bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó dá títà náà dúró. Bí owó agbẹjọ́rò bá wúwo, ẹ béèrè lọ́dọ̀ Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin ni mí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ìyàwó tí mo fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì jọ fọwọ́ síwèé, ló ń rówó jù. Ṣé mo lè béèrè owó ìtọ́jú bí a bá tú ká?
Ẹni tó ń fìtìjú kọ̀wé, Bódìjà

ÌDÁHÙN: Ẹ lè béèrè. Òfin 1970 kò sọ pé aya nìkan; ẹnikẹ́ni nínú tọkọtaya ló sọ. Ṣùgbọ́n agbára yín láti rówó wà lára ohun tí adájọ́ yóò wò, nítorí náà yóò bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ti wá láti ìgbà tí ti àkọ́kọ́ ti bọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà tí ẹ fi wá a lọ́wọ́.