Ihá, okùn àpò àti sílábù orí ààrò

Ọkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ihá ẹyìn tí ẹ bá pò mọ́ kọ́ńkéré lè jẹ́ kí sílábù orí ààrò bùrẹ́dì yín gba iná mọ́ra, nítorí pé ẹnìkan sọ fún yín pé kọ́ńkéré tí okùn bá wà nínú rẹ̀ kì í fọ́. Mo ti da irú rẹ̀ ní Kàbà níbí, mo sì ti fi owó ara mi san gbèsè àṣìṣe mi, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Sílábù àkọ́kọ́ tí mo dà fún ìyá kan tí ó ń ṣe bùrẹ́dì ní ọ̀nà Ìsánlú kò ní okùn kankan nínú. Mo fi sìmẹ́ńtì kún un ju bí ó ti yẹ lọ, mo dín omi rẹ̀ kù, mo sì gún un títí ó fi ki pọ́pọ́, nítorí mo rò pé bí ó bá ṣe le tó ni yóò ṣe lè dúró níwájú iná tó. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ kẹsàn-án tí mo dà á ni wọ́n sì dáná sí i. Kò tíì pé wákàtí kan tí ó fi dún gbàù, tí èérún kan tí ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ já kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ṣá ọmọ tí ń ki igi sẹ́nu ààrò lápá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò bà á lójú. Mo tọ́jú ọmọ náà, mo sì dá owó ìyá padà.

Omi inú rẹ̀ ni ó bú. Omi tí sìmẹ́ńtì kò lò tán máa ń fara pamọ́ sínú àwọn ihò tí ojú kò lè rí, bí ooru bá sì ti kọjá 100°C, á di èéfín bí èyí tí ń ti ọmọrí ìkòkò sókè. Kọ́ńkéré tí kò le púpọ̀ á jẹ́ kí èéfín náà rọra jáde, ṣùgbọ́n èyí tí ó ki bí tèmi á sé e mọ́ inú títí agbára rẹ̀ yóò fi ju ti kọ́ńkéré lọ. Àwọn oyinbo pàápàá rí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, nígbà tí iná jó nínú ihò ọkọ̀ ojú irin tí ó gba abẹ́ òkun láti England lọ sí Faransé, tí kọ́ńkéré líle tí wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀ ń já lulẹ̀ ní ìpele-ìpele.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo da sílábù kékeré mẹ́ta pẹ̀lú àpòpọ̀ kan náà. Ọ̀kan ṣófo, mo fi ihá sí èkejì, mo sì fi fọ́nrán àpò ìrẹsì sí ẹ̀kẹta. Ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ń hun àpò náà, ó sì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 160°C sí 170°C, nígbà tí sìmẹ́ńtì kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ púpọ̀. Bí ó bá ti yọ́, àyè tí ó fi sílẹ̀ á di ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde. Mo dáná sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí ó ṣófo tún bú. Èyí tí ó ní okùn àpò bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lókè, omi ń hó wẹ́wẹ́ jáde lójú rẹ̀, ó ń rùn bí ike tí ń jó, ṣùgbọ́n kò fọ́. Ti ihá sán díẹ̀ ní etí kan, ó sì dúró. Nígbà tí mo fi òòlù la méjèèjì, mo rí ihò tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́ káàkiri inú ti okùn àpò; ti ihá ní ihò tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, eérú dúdú sì wà nínú wọn. Kí ni mo retí? Ihá tí a fi ń ṣe ògùṣọ̀! Láti bí 200°C lọ sókè ni irú okùn igi bẹ́ẹ̀ ti ń jó di èédú, nítorí náà ó pẹ́ díẹ̀ ju ike lọ kí ó tó ṣí ọ̀nà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà nìkan ni okùn wọ̀nyí ń ṣí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jó tán, kò sí ohun tí ó ku láti di ojú ibi tí ó bá là mú. Wáyà tín-ín-rín tí a fi ń so rọ́ọ̀dù, tí mo gé wẹ́wẹ́ sínú èyí tí mo dà lẹ́yìn náà, ni ó di í mú, ṣùgbọ́n wáyà nìkan kò tó láti dènà bíbú. Àwọn méjèèjì ni mo ń pò pọ̀ báyìí.

Òkúta wa náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Gíráníìtì tí a ń fọ́ ní àdúgbò yìí ní kúọ́ọ̀sì nínú, ìyẹn àwọn èérún tí ń dán bíi gíláàsì lára òkúta, èyí tí ó máa ń wú lójijì ní 573°C. Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ sì ń pàdánù okun láàárín 400°C sí 500°C, nítorí pé ẹfun tí ó wà nínú rẹ̀ ń tú ká. Èyí ni ó tún yà mí lẹ́nu jù: sílábù kan tí ó la oṣù mẹ́ta já láìsí wàhálà kankan, nígbà tí wọ́n ti ààrò pa fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú òjò, ẹfun náà fa omi afẹ́fẹ́ padà, ó wú, ó sì hó bí àkàrà tí ó ti gbó. Bí ẹ bá rí i pé abẹ́ sílábù yín ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ooru ti kọjá 300°C níbẹ̀. Bí ó bá ti ń funfun, ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ní tèmi, n kò ní jẹ́ kí ọwọ́ iná kan kọ́ńkéré rárá. Ẹ fi bíríkì alámọ̀ tẹ́ inú ààrò, kí sílábù wà lókè rẹ̀, kí ẹ sì fi àfọ́kù bíríkì rọ́pò gíráníìtì nínú àpòpọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí òfin ìkọ́lé ilẹ̀ Yúróòpù là sílẹ̀ fún kọ́ńkéré líle ni kí okùn ike má dín ní kílò 2 nínú mítà oníhà mẹ́ta kan, èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 200 fún sílábù tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Tiwọn tín-ín-rín bí irun. Fọ́nrán àpò tiwa nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mo máa ń fi òòyà irin ya á wẹ́wẹ́ kí n tó gé e. Bí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ jù, á dì mọ́ra bí ìtẹ́ ẹyẹ. Bí ihá ni ẹ bá yàn, ẹ fi omi gbígbóná fọ epo rẹ̀ dànù dáadáa, nítorí sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ohun tí ó bá ní epo lára.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dà á tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ wá máa fi igi díẹ̀ dáná sí i, wákàtí kan lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, títí yóò fi dẹ́kun làágùn. Ẹ má ṣe ki bùrẹ́dì sínú rẹ̀ títí òórùn ike yóò fi lọ tán.