Ẹ Bi Wá: Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì í Pọ̀ Ní Ìgbèríko Faransé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Peckham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Láti ìgbà àrùn Kòrónà la ti ń gun kẹ̀kẹ́, àmọ́ mọ́tò Lọ́ńdọ̀nù ti sú wa. A fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹfà ní ìgbèríko Faransé, níbi tí a ó ti lè máa gbọ́ ohùn ara wa lórí kẹ̀kẹ́. A kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, a ò sì fẹ́ òkè ńlá. Ọ̀nà wo ni ká gbà? Báwo la sì ṣe máa dá ọ̀nà tó dákẹ́ mọ̀ lórí màápù?
— Ìyá Bísọ́lá, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ìyá Bísọ́lá, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Inú mi dùn pé oṣù Kẹfà lẹ mú, ẹ máa rí ìdí rẹ̀. Rouen ni mò ń gbé, apá ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi sì mọ̀ jù, nítorí náà Normandie ni mo máa rán yín lọ.

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ sí Newhaven, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Dieppe. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni lórí omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré kúrò ní Dieppe gba gúúsù lọ lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ jí ní kùtùkùtù, kí ẹ kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, sí apá Veules-les-Roses. Ẹ má gba títì etíkun, torí mọ́tò àwọn tó wá gbafẹ́ máa ń kún ibẹ̀. Àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín oko, ni kí ẹ gbà.

Oko ọ̀gbọ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ń hun aṣọ tí à ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ọ̀gbọ̀ aláṣọ tó Faransé, Normandie sì wà lára ibi tó ti pọ̀ jù. Oṣù Kẹfà ló ń tanná, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í lò ju ọjọ́ kan lọ: àárọ̀ ló ń là, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá kọjá ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ máa rí oko tó tẹ́ lọ bí òkun. Ẹni tó bá kọjá ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ewéko tútù lásán ló máa rí, kò sì ní mọ ohun tó kọjá òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè jí. Bí ẹ bá dé Veules-les-Roses, ẹ sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá odò ìlú náà láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tó ti wọ inú òkun. Kò ju nǹkan bí 1,100 mítà lọ. Kò sí odò mìíràn ní Faransé tó kúrú tó o tó sì dé òkun.

Ọjọ́ kejì, ẹ padà sí ẹ̀yìn Dieppe, sí Arques-la-Bataille. Níbẹ̀ ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tó lọ dé Forges-les-Eaux, nǹkan bíi kìlómítà 45. Voie verte ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ojú irin rélùwéè tó ń ti Dieppe lọ sí Paris ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí pé rélùwéè kò lè gun òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀nà náà tẹ́jú, wọ́n sì ti da ọ̀dà sí i. Ó wà lára ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù sí Paris tí wọ́n ṣí ní 2012. Ẹ yà ní Neufchâtel-en-Bray kí ẹ ra wàràkàṣì ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe bí àwòrán ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yìí láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọmọ wẹ́wẹ́, ajá àti àwọn oníbàtà táyà ló máa ń kún un.

Láti Forges, ọ̀nà abúlé ni kí ẹ tọ̀ dé Gournay-en-Bray àti Gisors. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì lágbára, ẹ gba inú igbó Lyons-la-Forêt, igbó ńlá tí igi rẹ̀ ga, tí òjìji rẹ̀ sì tutù. Ní Gisors, ẹ tún máa bá voie verte mìíràn pàdé, lẹ́bàá odò Epte, tó lọ dé Gasny. Giverny kò jìnnà síbẹ̀ mọ́, níbi tí Claude Monet ayàwòrán gbé láti 1883 títí ó fi kú ní 1926. Ẹ wọ rélùwéè ní Vernon wá sí Rouen, kí ẹ tún wọ òmíràn padà sí Dieppe. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè bóyá ẹ ní láti gba àyè fún kẹ̀kẹ́.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa dá ọ̀nà mọ̀, èyí ló sì ká mi lára jù, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò nílò kí n máa fọ̀nà hàn án. Ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀. N ni títì ìjọba àpapọ̀, àwọn tírélà ló ni ín. D ni ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa sọ fún yín pé bí nọ́ńbà D bá ṣe gùn tó ni ọ̀nà náà ṣe dákẹ́ tó. Ẹ má gbára lé e. D915 tó ti Dieppe gba Forges àti Gournay lọ sí Gisors kì í dákẹ́ rárá. D6014 tó ń ti Rouen lọ sí apá Paris, N14 ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó gbé irú àwọn títì bẹ́ẹ̀ lé àwọn ẹkùn lọ́wọ́ ní nǹkan bí 2006. Nọ́ńbà ló yí padà, tírélà ò yí padà.

Àwọ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ ra màápù Michelin oníwèé, èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà kan àtààbọ̀. Ọ̀nà pupa, ẹ sá fún un. Ọ̀nà yẹ́lò, ẹ gbà á bí kò bá sí òmíràn. Ọ̀nà funfun ni tiyín. Bí wọ́n bá fa ilà àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀nà náà lẹ́wà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: bíi gbogbo abúlé Normandie ló ní ọ̀nà funfun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọ inú rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àti ọkọ̀ lẹ́tà nìkan ló sì ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo fẹ́ràn wọn ju voie verte lọ, torí ààrin ilé àwọn ènìyàn ni wọ́n gbà kọjá. Wọn á kí yín, ẹ̀yin náà á kí wọn.

Bó bá di dandan kí ẹ gba títì ńlá díẹ̀, ẹ fi í sí ọjọ́ Àìkú: láti agogo mẹ́wàá alẹ́ Sátidé títí di agogo mẹ́wàá alẹ́ Àìkú, òfin kò gba tírélà tó bá ju 7.5 tọ́ọ̀nù lọ láàyè, àyàfi àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Láàárín agogo méjìlá sí méjì ọ̀sán náà, gbogbo ayé ń jẹun, ọ̀nà á sì dá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù abúlé á ti tì. Ẹ ra búrẹ́dì yín ṣáájú.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ọmọ Pobè ni mí, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Limoges. Mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù. Níbo ni mo lè gùn ún lọ ní Sátidé kan ṣoṣo? Omi mímu tún máa ń tán mọ́ mi lọ́wọ́.
— Akẹ́kọ̀ọ́, Limoges

Ìdáhùn: Ọmọ ilé, Kétu ni èmi náà ti wá, o káre. Ibi tó dákẹ́ jù ló wà lẹ́yìn ilé rẹ yẹn. Wọ rélùwéè TER lọ sí Eymoutiers, kí o gun kẹ̀kẹ́ gba Peyrat-le-Château lọ sí adágún Vassivière, kí o yí i ká, kí o sì padà. Òkè wà níbẹ̀ o, torí adágún náà ga tó nǹkan bí 650 mítà. Lórí màápù, wo àwọn àmì ọfà kékeré tó wà lórí ọ̀nà: ọ̀kan túmọ̀ sí òkè díẹ̀, méjì le, bí o bá rí mẹ́ta, wá ọ̀nà míì.

Ní ti omi, wá itẹ́ òkú abúlé. Mo mọ̀ pé ara ọmọ wa kì í gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó wá bomi rin òdòdó. Ohun tí o máa ṣọ́ ni àkọlé “eau non potable”, ìyẹn omi tí kò ṣeé mu. Bó bá wà níbẹ̀, má mu ún. Kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ kí o tó bu omi.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni akoto? Ṣé ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì mi tó láti wọ Faransé?
— Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds

Ìdáhùn: Láti 2017, dandan ni akoto fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Àgbà lè yàn, ṣùgbọ́n mo ní kí ẹ dé e. Bí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà lẹ́yìn ìlú, òfin ní kí ẹ wọ ẹ̀wù tó ń dán. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, ọkọ̀ tó bá sì yọ sí yín láti ọ̀tún nínú abúlé ló ni ọ̀nà, àfi bí àmì bá sọ ọ̀tọ̀. Ní ti ìwé ìgbélùú, bí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò, kò tó. Físà Schengen lẹ máa gbà, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ ojú omi.