Ẹ má tíì da kombucha yẹn nù, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rù ìgò

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin ará wa l'Óǹdó. Ẹ ní ọjọ́ kẹfà rèé tí ẹ ti ṣe kombucha yín sílẹ̀, ìyẹn tíì oníṣúgà tí a fi sílẹ̀ kó kan, ẹ rí nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sójú rẹ̀, àwọn fọ́nrán aláwọ̀ ilẹ̀ sì ń rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ dà á nù, àti iye ọjọ́ tó yẹ kó lò nínú ooru tiwa yìí.

Ẹ má tíì dà á nù. Bí nǹkan funfun yẹn bá ń dán, tó rin, tó rí bí awọ tó máa ń bo ojú ògì gbígbóná tó bá ń tutù, scoby tuntun ló ń hù yẹn, ìyẹn awọ tí yíìsì àti bakitéríà tó ń mú tíì náà kan jọ ń gbé inú rẹ̀. Èmi ìyá ni mo ń pè é. Àwọn fọ́nrán yẹn, yíìsì ni, wọn ò ṣe nǹkan kan. Èyí tí ẹ máa sá fún ni èyí tó gbẹ, tó hu irun bíi búrẹ́dì tó ti bu, ì báà jẹ́ funfun, dúdú tàbí àwọ̀ ewé. Ojú omi lókè ló máa ń wà. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ rí, àti omi àti ìyá ni kí ẹ dànù, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ ìkòkò náà. Ẹni tí mo sanwó fún pé kó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní kí n fi ṣíbí họ ọ́ kúrò, kí n máa mu ìyókù lọ. Mo họ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló tún bu. Inú ṣì ń bí mi pé mo gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló dùn mí jù, torí òun ló ta ẹ̀jẹ̀ mi sílẹ̀. Nínú ìwé tí olùkọ́ni yẹn pín fún wa, ọjọ́ 7 sí 14 ló kọ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ló ti dà á kọ, kò yí nǹkan kan padà. Ilé tí wọ́n ti ń pọn ọ́n lọ́hùn-ún lè má gbóná ju 22°C lọ. Ilé ìdáná mi ní Àkúrẹ́ níbí, lọ́sàn-án oṣù Kejì, ó máa ń lé ní 32°C. Ẹ wo ẹmu náà. Ẹmu tó dùn láàárọ̀, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti kan. Iṣẹ́ kan náà ló ń lọ nínú méjèèjì: yíìsì ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́, àwọn bakitéríà sì ń sọ ọtí yẹn di kíkan. Bí ooru bá ti pọ̀, iṣẹ́ yẹn á yá. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́mu kì í fi í dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pinpin.

Oṣù Kejì ọdún 2023 ni. Mo rọ kombucha sínú ìgò mẹ́fà, mo fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀ sí i kó lè máa ta lẹ́nu bíi mínírà. Ìgò onígun mẹ́rin tó lẹ́wà ni, mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òfìfo ìgò l'Ọ́jà Ọba. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí pẹpẹ, mo wá kó o sí fíríìjì. Olùkọ́ni yẹn ti sọ pé bó bá ti wọ fíríìjì, ó parí. Mo bá lọ sí Ìdànrè, a lọ sin àbúrò ìyá mi. Alẹ́ ọjọ́ tí mo lọ ni wọ́n mú iná. Odindi ọjọ́ mẹ́rin! Àwọn tó ń gbowó iná lọ́wọ́ wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Nígbà tí mo dé, inú fíríìjì gbóná bí yàrá. Mo mú ìgò kan lọ́rùn, mi ò mì í, mi ò tíì fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀. Ó bú. Ìró rẹ̀ dà bí ìbọn. Ọkọ mi sáré wọlé, ó rò pé sílíńdà gáàsì ni. Àfọ́kù ìgò há sí àjà. Ọ̀kan wọ àtẹ́lẹwọ́ òsì mi, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì rin ìró mi títí dé ilẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi ni, mo ní kó lọ mú aṣọ ìnulẹ̀ wá. Bí kò bá tètè lọ ńkọ́? Ìrònú yẹn ṣì máa ń jí mi lóru.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ ra káàdì. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń kán! Dókítà tó wò mí béèrè bóyá ògógóró ni mò ń pọn nílé. Ó rán ọwọ́ mi ní ojú méje, kò yẹ inú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ọwọ́ wú, ó ń ṣọyún, ibòmíràn la ti lọ yọ àfọ́kù kan tó tó ìdajì ẹ̀wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tí ìgò bá gé jìnnà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya X-ray kí wọ́n tó rán an. Ìgò máa ń hàn níbẹ̀. Mo pe olùkọ́ni yẹn, ó ní èmi ni mo fi ṣúgà pọ̀ jù.

Torí náà, ìgò roboto tí wọ́n ṣe fún ohun tó ń ta, bíi ìgò bíà tàbí ti mínírà, ni kí ẹ lò. Onígun mẹ́rin kò lágbára. Ẹ rọ díẹ̀ sínú ike omi kan, kí ẹ gbé e sáàárín wọn: bó bá ti le gan-an tí ọwọ́ ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn ìgò náà ti kún fún afẹ́fẹ́ nìyẹn. Pẹ̀lú èso, ọjọ́ kan sí méjì ti tó nínú ooru wa. Ẹ máa ṣí wọn díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ fi tówẹ̀lì nípọn bò ó kí ẹ tó ṣí i. Fíríìjì kàn ń mú un sùn ni. Bí iná bá lọ tí ẹ ò mọ ìgbà tó máa dé, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà.

Sísè rẹ̀ kò le, ẹ ti mọ̀ ọ́n: lítà omi kan, ṣúgà bíi gíráàmù 80, tíì dúdú, kó tutù dáadáa kí ẹ tó gbé ìyá sí i. Ẹ má ṣaláì fi kombucha àtijọ́ tó kan sí i, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá, torí kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kó bu. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, ihò rẹ̀ tóbi jù fún ìbòrí ìkòkò. Kantíkantí á gbabẹ̀ wọlé, ẹ ó sì bá ìdin lórí ìyá.

Àwọn tó ń polówó pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má gbọ́ tiwọn. Ṣúgà ṣì ń kù nínú rẹ̀, ọtí díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 1995, obìnrin méjì tó ń mu ún ní Iowa, Amẹ́ríkà, ṣàìsàn gan-an, ọ̀kan kú. Wọn ò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló fà á, ṣùgbọ́n aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára, kí wọ́n jìnnà sí i.

Iye ọjọ́ lẹ béèrè. Nínú ooru yìí, láti ọjọ́ karùn-ún ni kí ẹ ti máa tọ́ ọ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, tèmi kì í kọjá ọjọ́ keje. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn bí nǹkan ṣe kan tó, rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ilé-ìwé, kó wà láàárín 2.5 sí 4.2. Ẹ tọ́ tiyín wò láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ ya àwòrán ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ fi síbí. Màá wò ó bí mo bá ti ọjà dé.