Bàbá kú, ìyá ń lo oògùn: ṣé àyẹ̀wò DNA lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru yóò kàn mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá wa lẹ́ni ọdún 52. Ìyá wa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹni ọdún 37 ni mí, kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ike kan ránṣẹ́ tí màá tutọ́ sí, kí wọ́n lè yẹ DNA mi wò. Ṣé kí n ṣe é, àbí kí n kúkú gbà pé àìsàn ìran wa ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi owó ike yẹn ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́.

Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru a máa tẹ̀lé ìran. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì àti ẹbí fi hàn pé nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfúnpá ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn, nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú 100 ló ti ọwọ́ àbùdá wá. Àmọ́ kò rí bíi ti AS àti SS, níbi tí jíìnì (ẹyọ àbùdá tí a jogún) kan ṣoṣo ti ń dá ẹjọ́. Ibi tó lé ní 1,000 ni wọ́n ti rí nínú DNA tó ń lọ́wọ́ sí ìfúnpá, díẹ̀ díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá sí i. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n sì ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ yìí jọ, nítorí náà máàkì tí ilé iṣẹ́ ike yẹn bá fún ọmọ Yorùbá, ẹ má fi sùn, ẹ má fi jí.

Ìgbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tí mo máa ń tọ́ka sí jù. Àwọn olùwádìí Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn ìfúnpá àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n lò níbi gbogbo, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tó 140/90 ni wọ́n kà sí ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Èsì tó jáde lọ́dún 1997 ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára èèyàn 16 nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní erékùṣù Karibíà, 33 ní Maywood lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà o! Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ilé ni wọ́n ń sanra sí i, tí iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló bàjẹ́. Nígbà tí Cooper àti àwọn míì tún fi orílẹ̀-èdè wéra lọ́dún 2005, Jámánì ní 55 nínú 100, Nàìjíríà ní 14. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ẹ má wá gbọ́kàn lé 14 yẹn o. Ìgboro tí à ń gbé lónìí, pẹ̀lú ìjókòó nínú gosiló, búrẹ́dì àti magí tó kún ọbẹ̀, ti kúrò ní oko Ìgbó-Ọrà ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ ìyá kan náà tún ń jogún ọwọ́ tí ìyá wọn fi ń bu iyọ̀.

Jíìnì kan wà tí mi ò ní fojú fò dá, APOL1. Ẹ̀yà rẹ̀ méjì tó pọ̀ lára wa ń gbà wá lọ́wọ́ irú kan nínú kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ ga, kíndìnrín tó ń ṣàìsàn a sì máa gbé ìfúnpá sókè. Ọ̀pọ̀ tó ní méjèèjì kì í ṣàìsàn kíndìnrín láéláé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ yẹ ìtọ̀ yín wò bóyá purotéènì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì yẹ kreatínì inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde. Ó rọrùn, ó sì ń sọ bí kíndìnrín ṣe wà *lónìí*.

Àyẹ̀wò jíìnì ní àyè tirẹ̀. Bí ọ̀dọ́ inú ẹbí bá ṣubú lórí pápá tó kú lójijì, tàbí tí ìfúnpá ọmọ ogún ọdún kò gbóògùn, dókítà ọkàn lè ní kí wọ́n ṣe é. Ohun tí ẹ kọ kò jọ èyí.

Ọjọ́ orí bàbá yín ló jẹ mí lógún jù, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà ń fa rọpárọsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá mú òbí kí ó tó pé ẹni ọdún 55, ewu ti ọmọ pọ̀ ju ti ẹni tí ó mú òbí rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Torí náà, ẹ má dúró de orí fífọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kàn lẹ̀kùn.

Mo máa ń rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí wọ́n ká apá aṣọ rẹ̀ sókè títí ó fi fún un lọ́rùn apá, tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹ̀rọ ṣe ń fẹ́. Irọ́ ni ẹ̀rọ máa pa. Ẹ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí apá wà lórí tábìlì, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, fún ọjọ́ méje, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ wá ṣírò àárín ìyókù. Bó bá tó 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà. Bí ẹ bá ní àbúrò, àwọn náà gbọ́dọ̀ ṣe é.