Táímìnì Ìjàpá: Kọ́ńtáàtì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen Ìjàpá 1500 ni mo ń wà. Agbára rẹ̀ kọ́kọ́ ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, ó sì yí disitiribútọ̀ (tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì) títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi já geere. Ní báyìí, tí mo bá dojú kọ òkè lọ́nà Ọ̀yọ́, á máa dún bí ẹni mi ìṣó nínú agolo, ó sì ń gbóná. Kí ni kí n ṣe? (Oníjàpá, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ má wà á gun òkè mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Iná plọ́ọ̀gì ló ń yá jù. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní omi tí yóò tù ú, irú ooru bẹ́ẹ̀ sì lè lu písítínì.

Ẹ má fi etí ṣe táímìnì, ìyẹn àkókò tí iná plọ́ọ̀gì ń ta. Bí iná bá ṣe ń yá sí i ni ẹ́ńjìnnì tí kò ru ẹrù ń sáré sí i; ohùn á dùn, ìyà á wá dé lórí òkè. Ó jọ pé kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì kò mọ nǹkan kan nípa àìsàn àkọ́kọ́. Kọ́ńtáàtì ni irin kékeré inú disitiribútọ̀ tó ń ṣí, tó ń pàdé; ìgbà tó bá ṣí ni iná ń ta. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kékeré tó ń fara kan ọ̀pá inú disitiribútọ̀ ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Àlàfo kọ́ńtáàtì á fún, kọ́ńtáàtì á pẹ́ kó tó ṣí, iná náà á pẹ́.

Nítorí náà, àlàfo ló ṣáájú. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí gìgísẹ̀ yẹn yóò fi dúró lórí ibi tó ga jù lára ọ̀pá, kí ẹ fi fílà gẹ́ẹ̀jì (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) wọn 0.4 mm. Bí ojú kọ́ńtáàtì bá ti jóná, ẹ pààrọ̀ òun àti kọ́ńdẹ́ńsà (agolo kékeré ara disitiribútọ̀) pọ̀. Ẹ fi gíríìsì bíńtín pa ọ̀pá náà.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù fún táímìnì. Ẹ fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì dáínámò bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí pọ́lì ìsàlẹ̀ bá ní àmì méjì, ti òsì ni dìgírì 7.5 (bí iná ṣe ṣáájú kí písítínì tó dé òkè pátápátá), ti ọ̀tún ni 10. Ẹ mú ti òsì bá ojú ìlà tí apá méjèèjì ara ẹ́ńjìnnì ti pàdé. Rótọ̀ (èyí tó ń yí lábẹ́ ìdérí disitiribútọ̀) gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlà kékeré tó wà létí disitiribútọ̀. Bó bá kẹ̀yìn sí i, ẹ yí pọ́lì lódindi ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Ẹ so wáyà gílóòbù 12 fóltì kan mọ́ ẹsẹ̀ kọ́ìlì tó lọ sí disitiribútọ̀, èkejì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má sítáàtì. Ẹ tú ìdè disitiribútọ̀, ẹ yí i bí ọwọ́ aago títí gílóòbù yóò fi kú, kí ẹ wá máa dá a padà jẹ́jẹ́. Ibi tó bá ti tàn gan-an ni kí ẹ dúró, kí ẹ dè é. Ẹ yí pọ́lì yíká lẹ́ẹ̀mejì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ pẹ́, kọ́ìlì á gbóná.

Wáyà plọ́ọ̀gì, bí sílíńdà ṣe tẹ̀ léra: 1-4-3-2, bí ọwọ́ aago. Gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì tuntun máa ń jẹ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn bí 500 kìlómítà.

Ìbéèrè: Wọ́n ta disitiribútọ̀ 009 tí kò ní họ́ọ̀sì fákúùmù (èyí tó ń lo ìfà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì láti mú iná yá) fún mi. Táímìnì 7.5 ni mo lò, àmọ́ ọkọ̀ ń ṣe gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí mo bá tẹ tọ́rótù. (Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ti 009, orí eré ni ẹ ti máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú kan: dìgírì 28 sí 32 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá yíyí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú iná táímìnì (tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́jú sára àmì pọ́lì). Láti rí àmì dìgírì 30, ẹ fi téèpù wọn àyíká pọ́lì, ẹ pín in sí ọ̀nà 16, kí ẹ fi ìdá kan sàmì sí apá ọ̀tún àmì 7.5. Gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tọ́rótù kò ní tán pátápátá, àìní fákúùmù ló fà á. Táwa bá ni, ti àtijọ́ tó ní họ́ọ̀sì la ó dá padà.